Orúnkún Kòsọ́nà

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa tí ẹ béèrè ilé káfíńtà, wọn yóò máa wo ara wọn lójú. Ẹ ní ilé Kòsọ́nà lẹ ń wá, kíá ni tọmọdé tàgbà yóò nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà mi. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo kan ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tì sùn, èmi náà ni mo kan ibùsùn tí wọ́n ń sùn lé. Síbẹ̀, "ọkọ Kòsọ́nà" ni mò ń jẹ́. Nígbà tí ọgbọ́n mi ṣì kéré, ó máa ń bí mi nínú. Ní báyìí, bí ẹnì kan bá gbàgbé láti pè mí bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi ni mo máa ń rán an létí.

Ìyàwó mi ni Kòsọ́nà. Agbábọ́ọ̀lù ni, kì í sì í ṣe ti eré ọwọ́-dilẹ̀ o. Iṣẹ́ tó fi jẹun fún ọdún mọ́kànlá ni. Ẹ̀yìn lápá òsì ló máa ń wà, níbi tí àwọn tó lẹ́sẹ̀ eré nínú ẹgbẹ́ kejì ti máa ń fẹ́ gbà wọlé. Lọ́jọ́ kan, agbábọ́ọ̀lù kan gbìyànjú láti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló sì padà lọ́wọ́ òfo. Ni bàbá kan bá pariwo láàárín òǹwòran pé, "Ọmọ yìí, yáa máa lọ sílé, kò sọ́nà níbẹ̀!" Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ìyá tó bí i gan-an kì í pe orúkọ tó sọ ọ́ mọ́.

Yàrá ìmúra wọn ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Wọ́n pè mí kí n wá tún bẹ́ǹṣì wọn ṣe. Ó wọlé láti pápá pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé itan, kò wo ọ̀tún kò wo òsì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mi ò tíì kan ẹsẹ̀ kẹrin rẹ̀. Òun àti bẹ́ǹṣì jọ wó lulẹ̀. Mo ti ń ronú ibi tí n máa sá gbà. Ó wò mí láti ilẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé mi ṣubú." Kí ọdún kejì tó parí, mo ti fẹ́ ẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ẹ̀rí ọkàn ló fẹ́ sílé. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jí. Kí n tó la ojú kan, ó ti sá eré yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀mẹfà. Bí orí bá ń fọ́ mi, kì í béèrè ohun tí mo jẹ, iye wákàtí tí mo sùn ló máa ń béèrè, bí mo bá sì parọ́, á mọ̀. Mo máa ń lọ wò ó ní gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n bá gbá nílé. Mo máa ń jókòó sí ìlà kẹta, mo sì máa ń fi ohùn rara sọ ọ́ fún ẹni tó bá jókòó tì mí, ì báà fẹ́ gbọ́, ì báà má fẹ́ gbọ́, pé ìyàwó mi nìyẹn.

Wàyí o, ó ku ohun tí mi ò fẹ́ràn láti sọ.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹgbẹ́ wọn dé ìparí ìdíje ife. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí wọn rí. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n gbá a, ó yí ẹsẹ̀ níbi ìgbáradì, ó sì gbọ́ ìró kan nínú orúnkún rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá sọ ọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Sùúrù ni yóò bọ́ sí àyè rẹ̀. Odindi ọdún méjì ni Sùúrù ti wà lórí bẹ́ǹṣì tó ń retí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù sì mọ̀ pé àyè tí èèyàn bá fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, ó lè má rí i gbà mọ́ láéláé.

Ẹ̀jẹ̀ ló kún inú, itọ́ funfun là ń tu jáde. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá fún dókítà ẹgbẹ́: ẹsẹ̀ tó le ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nà sí i. Wọ́n á fi ìpara gbígbóná ra ojú ibẹ̀ kó lè rọ̀. Bí dókítà bá tẹ ibi tó ń ro wọ́n, wọ́n á bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín kó má bàa gbọ́ igbe. Àmọ́ ohun kan wà tí ọgbọ́n ò ràn. Orúnkún tí iṣan rẹ̀ ti ya lè gun àtẹ̀gùn, sísọ̀kalẹ̀ ni kò lè sọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń fi orúnkún pa mọ́ á jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá ìmúra. Òun á bẹ̀rẹ̀, á máa so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀.

Èmi mọ̀. Èmi ni mo kan àtẹ̀gùn ilé wa, kò sí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ tí etí mi ò mọ̀. Mo gbọ́ bí ìyàwó mi ṣe ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó bọ́ sí èkejì. Mo bi í. Ó di ẹnu mi mú, ó ní, "Káfíńtà mi, ẹ jẹ́ n gba ife yìí ná." Mo sì dákẹ́. N ò ní pa irọ́ fún yín: èmi náà fẹ́ rí ife ọ̀hún.

Wọ́n gbá a. Ẹgbẹ́ tiwa ti jẹ góòlù kan, ó ku ìṣẹ́jú méjìlá, bọ́ọ̀lù kan kọjá lórí aṣọ́lé wa, ó ń yí lọ sínú àwọ̀n. Kòsọ́nà ló sáré dé. N ò mọ ibi tó ti wá. Ó nà gbọọrọ, ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a síta lórí ìlà, ó ṣubú, kò sì dìde mọ́. Orí pákó tí wọ́n fi ń gbé ẹni tó fara pa ni wọ́n ti gbé ife lé e láyà. Oníyàwòrán kan ya á níbi tó ti ń sunkún tó sì ń rẹ́rìn-ín. Àwòrán yẹn ni wọ́n gbé kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹgbẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ó fi ẹsẹ̀ kan gba ife." Ohun tí gbogbo ayé rò ni pé bọ́ọ̀lù yẹn ló já iṣan rẹ̀. Àwa méjì péré la mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣan náà ti ya.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Oníṣẹ́ abẹ tí ìyàwó mi fi àṣírí náà hàn sọ fún un pé ká ní ó sinmi lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ìró yẹn ni, oṣù mẹ́fà ni ì bá fi padà sórí pápá. Kò gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kankan mọ́.

Ọdún kan gbáko ló fi ń bínú sí mi, sí àga, sí ògiri. Lọ́jọ́ kan ni mo rí i tó gbé ìwé kan lé ẹsẹ̀, tó ń ka orúkọ egungun. Ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ìdárayá, kí òun lè mọ ohun tó ṣe òun gan-an. Inú mi dùn débi pé mi ò lè sùn. Mo fi ajákù igi gbẹ́ orúnkún kan fún un, mo fi awọ bàtà ṣe iṣan rẹ̀. Ó ń tú u palẹ̀, ó ń tò ó pọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pààrọ̀ awọ náà. Nígbà tó lọ ṣe ìdánwò, àwọn ọmọ tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ ń ka ìwé. Ìyàwó mi ti fi ọwọ́ mọ gbogbo rẹ̀. Òun ló gba ipò kìíní. Ìwé ẹ̀rí náà wà lókè tẹlifíṣọ̀n wa, èmi ni mo ṣe férémù rẹ̀, igi tó dára jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù ni mo sì lò.

Ó gba gbọ̀ngàn kékeré kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì wá, alágbẹ̀dẹ tí ẹ̀yìn ń dùn wá, lọ́yà kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé náà wá. Lọ́yà yẹn ní òun mọ òfin, pé kò sí òfin tó ní kí òun ká orúnkún lógún ìgbà. Kòsọ́nà ní, "Òótọ́ ni, sà. Ọgbọ̀n ni òfin tèmi wí." Lẹ́yìn ọdún kan, lọ́yà náà ra bẹ́líìtì tuntun, ó sì fi èyí àtijọ́ ta mí lọ́rẹ, bí ẹni pé mo sanra bíi tiẹ̀.

Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi dé etí ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ń fara pa léraléra, kóòṣì wọn sì ní òun mọ ẹni tó lè bá àwọn tún un ṣe. Sùúrù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọjọ́sí, ló ti di kóòṣì. Bí ìyàwó mi ṣe padà síbẹ̀ nìyẹn, tó di olùkọ́ ìdárayá ẹgbẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ara wọn le, òun náà ló sì máa ń fọwọ́ sí ìwé ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pé ara lágbájá dá. Ẹni tí ìyàwó mi kò bá fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ pápá.

Ọdún kejì tó débẹ̀ ni ọ̀ràn náà dé. Ó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kí líìgì parí, bí wọ́n bá sì fìdí rẹmi, wọ́n á já sí ìpele kejì nìyẹn. Ẹni tó ń jẹ góòlù fún wọn ni ọmọ ogún ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Ìjì. Ìdajì góòlù ọdún náà, òun ló jẹ ẹ́. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìgbáradì, Kòsọ́nà dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yàrá ìmúra. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ tán, ó ku Ìjì. Ìjì bẹ̀rẹ̀ lókè, ó ń so okùn bàtà tó ti so.

Ìyàwó mi ò nílò dókítà. Ó pè é sí yàrá, ó fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀, ọmọ náà sì bú sẹ́kún.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan péré ló kù. Ẹ ṣe bí ẹni tí ò rí mi."

"Mo ti rí ẹ."

"Ṣebí ẹ̀yin náà ṣe é! Ẹsẹ̀ kan lẹ fi gba ife. Àwòrán yín tó wà níta yẹn ni mo wò tí mo fi ní agbábọ́ọ̀lù lèmi náà máa dà."

Kòsọ́nà bọ́ síta. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí ìtì igi, ó ro ẹjọ́ náà. Ó ní, "Bí mo bá ní kó má gbá a, wọ́n á bi mí pé kí ló dé. Mi ò lè dáhùn láìsọ ti ara mi."

Mo gbaná jẹ. Mo ní kó fi orúkọ ọmọ náà ránṣẹ́ sí dókítà, kó yọwọ́ ńbẹ̀. Mo ní orúkọ rere tó ti ní láti ọdún méjìlá, ṣé ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á ya ni? Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ẹ dákẹ́ nígbà kan rí, Káfíńtà," ó ní. "Ṣé ẹ tún fẹ́ ká dákẹ́ ni?"

Òòlù tó wà lọ́wọ́ mi bà mí ní àtàǹpàkò.

Lọ́jọ́ kejì, alága ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ gbé ìwé náà wá sí yàrá ìmúra. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló jókòó. Èmi náà wà níbẹ̀, mo díbọ́n pé mò ń wọn ojú fèrèsé. Alága ní wọ́n ti fọwọ́ sí orúkọ gbogbo èèyàn, kí ló dé tí ti Ìjì ṣófo. Ìyàwó mi ní orúnkún rẹ̀ ti ya.

"A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá," alága sọ. "Ìpele kejì là ń já sí yìí, ìwọ ń sọ ti orúnkún. Ìwọ tó o fi ẹsẹ̀ kan gba ife!"

Ìyàwó mi dìde.

"Irọ́ ni mo pa, sà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni orúnkún yẹn ti ya kí n tó wọ pápá. Mo tan dókítà jẹ. Kóòṣì yín yìí wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ yẹn, ara rẹ̀ le koko, mo sì jókòó lé àyè rẹ̀. Ká ní ẹsẹ̀ mi tètè kọ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọn ì bá gbà wọlé. Ẹ̀yin ń pè é ní ìwà akin. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, ó sì parí síbẹ̀." Ó yíjú sí Ìjì. "Mi ò fẹ́ kí tìẹ parí ní ogún ọdún. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ó lé tiwa bá lójú gbogbo èèyàn.

Alága ní, "Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ lò ń fi ṣeré?"

"Mo mọ̀, sà. Ẹ wá ẹlòmíì tó máa fọwọ́ sí i."

Gbogbo ojú yí sí Sùúrù. Ó káwọ́ gbera. Nígbà tó máa fọhùn, ìyàwó mi ló bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe alága.

"Ọdún méjìlá ni mo fi rò pé mi ò tó ẹ."

"O tó mi. Mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni. Forí jì mí."

Sùúrù gba bírò lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó fa ìlà gbọọrọ sórí orúkọ Ìjì. Ó ní, "Àwa tó kù la máa gbá a." Alága bínú jáde. Èmi sì wà ní ojú fèrèsé tí mi ò wọ̀n, omijé ń dà lójú mi. Ìyàwó mi ti kó gbogbo ògo rẹ̀ dà nù nítorí orúnkún ọmọ ọlọ́mọ, n ò sì yangàn nítorí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

N ò ní í sọ fún yín pé wọ́n borí. Wọ́n fìdí rẹmi, góòlù méjì sí ẹyọ kan, wọ́n sì já sí ìpele kejì. Ìjì ò kí ìyàwó mi. Láàárín ìgboro, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ọ̀nà ti wá là gbalaja nílé Kòsọ́nà. Oníbàárà mi kan gbé àga wá fún àtúnṣe, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u lójú mi. Mo jẹ́ kó bú u tẹ́rùn. Nígbà tó padà wá gbé àga rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló bá lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó lọ wá ẹ̀kẹrin níbi tó ti rí ẹnu.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Ìjì àti ìyá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn wa. Wọ́n ti ya àwòrán orúnkún náà nílé ìwòsàn, díẹ̀ ló kù kí iṣan ọ̀hún já pátápátá. Dókítà ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan sí i ni ì bá já a. Ńṣe ni ìyá náà di ọwọ́ ìyàwó mi mú, tó ń mì í ṣáá. Ìròyìn yẹn dé ọ̀dọ̀ alága. Kò tọrọ àforíjì o. Ó kàn ránṣẹ́ pé kí káfíńtà wá fẹ yàrá olùkọ́ ìdárayá, kó sì fi ilẹ̀kùn tó dára sí i.

Ilẹ̀kùn yẹn ni mò ń kàn ní ọjọ́ tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń yẹ ara àwọn agbábọ́ọ̀lù wò. Kòsọ́nà jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Kápténì ló kọ́kọ́ wọlé. Ó dúró, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo iwájú, ó ní, "Àǹtí, ọrùn-ẹsẹ̀ mi ń dùn mí. Ó ti tó oṣù mẹ́ta."

Ìyàwó mi gbójú sókè. Kò sí ẹni tó ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn láìjẹ́ pé wọ́n fipá mú un sọ ọ́ nínú ilé yẹn rí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹnì kejì ní ẹ̀yìn itan òun ni. Ẹnì kẹta ní ìbàdí. Aṣọ́lé wọn, obìnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀, fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì sókè bí ẹni gbé ẹrù, ó ní, "Èjìká mi. Ọdún méjì." Bírò ìyàwó mi dúró. Ó dìde, ó gbá a mọ́ra, ó sì tún jókòó, ó ń kọ ọ́ lọ. Mo gbé ìṣó sẹ́nu, mi ò lè kàn án.

Sùúrù ń ka iye àwọn tó kù tí ara wọn dá. Nígbà tó kà wọ́n tán, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí.

"Kòsọ́nà! Ẹni mẹ́fà péré lo fún mi! Ṣé ẹni mẹ́fà ni mo fẹ́ fi gbá bọ́ọ̀lù ni?"

"Àwọn mẹ́fà yẹn ò parọ́ fún ẹ," ìyàwó mi sọ, kò gbójú sókè. "Ẹni tó kàn!"